Àpótí Kẹrin

Àpótí mẹ́fà ni mo dì sẹ́yìn ọ̀kadà
láti Ìlọrin dé Ìsánlú-Ìsin,
kò sí èyí tó tóbi ju agolo mílíìkì lọ nínú wọn.
Mo gun àkàbà, mo kàn wọ́n mọ́ igi òrùlé,
mo kọ nọ́ńbà sí wọn lára bí àmì etí ewúrẹ́.

Òkè ló fà á.
Òkúta dúdú ló dábùú láàárín oko àti ilé,
ohùn tó bá ti ẹ̀yìn rẹ̀ gbéra, ibẹ̀ ló ń kú sí.
Ẹni tó bá fẹ́ fi fóònù pe ilé láti oko iṣu
yóò kọ́kọ́ gun òkúta, yóò na ọwọ́ sókè
bí ẹni tó ń bẹ Ọlọ́run fún owó oṣù.

Mo wá kọ́ àwọn àpótí ní ohun tí ará oko ti mọ̀ tipẹ́:
èkíní á gbọ́, á wí fún èkejì,
èkejì á wí fún ẹ̀kẹta,
bí Ìyá Dúrótoyè ṣe ní wọ́n ń ṣe nígbà tí òun ṣì ń gbin ẹ̀pà.
Ẹni tó wà lókè á ké, ẹni tó wà lábẹ́ máńgòrò á gbà á,
títí "iná ń jó o!" á fi délé ṣáájú èéfín.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Katibi bi mí léèrè ní ọ́fíìsì rẹ̀,
fáànù ń pariwo lókè orí wa:
"Kín ni àpótí rí jẹ nínú ọ̀rọ̀ tí kì í ṣe tirẹ̀?
Bátìrì rẹ̀ ló ń jó. Kí ló dé tí kò ní panu mọ́,
kó tọ́jú iná rẹ̀ fún ara rẹ̀?"
Ọdún méjì ni mo ti ń ṣírò ìdáhùn.
Mo ní ìwé mọ́kànlá tó kún fún òdo àti lẹ́tà àwọn Gíríìkì.
Mo tún ní ọrùn ríro.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ẹ̀kẹrin bẹ̀rẹ̀ sí í kú.
Aago méje alẹ́, ó dákẹ́.
Mẹ́wàá kọjá díẹ̀, ó jí.
Bẹ́ẹ̀ lánàá, bẹ́ẹ̀ lónìí,
àfi ọjọ́ Sátidé.
Mo ní alángbá ni. Mo ní ìrì ni.
Mo ṣépè fún ẹni tó ta wáyà fún mi ní títì Táíwò.

Mo padà lọ. Ilẹ̀ ti ṣú kí n tó dé ilé Abọ́gunrìn.
Ọmọ wọn, Oyèébánjí, jókòó sórí àpótí mìíràn,
àpótí ìdáná ìyá rẹ̀,
bátìrì mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀,
gílóòbù bí èékánná ń tàn sórí ìwé Kẹ́mísírì.
Ó dìde. "Ẹ má bínú, Àǹtí.
Ó ku ọjọ́ mọ́kàndínlógún kí Wáẹ̀kì bẹ̀rẹ̀.
Mo máa ń dá a padà kí n tó sùn."

Ìwé mi ní orúkọ fún irú èyí: onímọ̀-tara-ẹni-nìkan.
Mo ti yanu láti pè é.

Mo kọ́kọ́ ṣí kọ̀ǹpútà wò.
Ìpè kan kò já ní gbogbo alẹ́ wọ̀nyẹn.
Ẹ̀kẹta ti na ohùn rẹ̀ títí ó fi kan ẹ̀karùn-ún,
ẹ̀karùn-ún tẹ́tí ju bó ṣe yẹ lọ,
àwọn méjèèjì jó iná ìlọ́po méjì,
wọ́n gbé ẹrù ẹ̀kẹrin fò kọjá lórí òrùlé Abọ́gunrìn.
Ẹnikẹ́ni kò sọ fún wọn pé ọmọ kan ń kàwé.

Mo fa àga. Mo ní, "Ìbéèrè wo lo dé?"

Nínú iṣẹ́ tí mo gbé fún Ọ̀jọ̀gbọ́n, àwòrán kẹsàn-án ní ihò,
láti aago méje sí mẹ́wàá,
bí ibi tí eyín ti yọ.
Ó fi bírò pupa yí i ká: "Kí nìyí? Ṣàlàyé."
Mo kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀:
"Ẹ̀kẹrin wà lẹ́nu iṣẹ́ mìíràn."